Bàbá Rewáyà àti Iná inú Búùtù

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Bàbá mi àgbà dákẹ́, ní Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Àǹtí Ṣìdí, àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń tọ́jú rẹ̀, àti Ráfíù, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun. Àǹtí Ṣìdí ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ráfíù ń sọ fún mi nípa ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣí ní ṣọ́ọ̀bù láti àná. A rò pé Bàbá ń sùn ni. Ó la ojú.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti wo ẹ́ẹ̀tì rẹ̀?"

Ráfíù ní, "A ti wò ó, Bàbá."

"Ẹ tún un wò."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A sin ín lẹ́yìn ìrun Alàásárì.

Ẹ́ẹ̀tì ni àwọn rewáyà bíi tirẹ̀, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pe wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀. Wáyà pupa ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré wò. Bàbá máa ń sọ pé iná tó bá jáde nílé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà wálé, tí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní jáde rárá.

Àwọn ọmọ mi ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀. Mi ò lè kọ ìtàn ayé rẹ̀. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn dájú. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, òun ló tọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò tò tẹ̀léra. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi. Fíùsì kan wà tí mo gbà pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fíùsì mọ́tò ìyàwó mi tó ti kú. Ọjọ́ tí mo bá lè ṣí búùtù mọ́tò náà ni kí n bèèrè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá, mi ò bèèrè. Mo dúró lẹ́bàá ibojì, mo ń rò ó pé mo ti pẹ́ jù báyìí.

Màá dé orí ọ̀rọ̀ fíùsì náà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Fìà, lábẹ́ igi fúrúùtù. Kò gbé pátákó síwájú rẹ̀. Àwọn bátìrì àtijọ́ ló tò sẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó bá ń wá rewáyà á mọ̀. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òun lójú. Awakọ̀ takisí kan já wọlé níjọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa dún.

"Bàbá, ẹ bá mi wá bátìrì mìíràn. Eléyìí ti kú."

Bàbá ní, "Ṣé o ti sin ín?"

"Háà! Bàbá, mi ò ṣeré o. Èrò ń dúró dè mí."

"Èmi náà ò ṣeré. Tó o bá ti sin ín, mi ò lè hú u. Tí o ò bá tíì sin ín, pa ọkọ̀ rẹ, kó o jókòó."

"Ẹ kúkú fi mítà kàn án nísinsìnyí, ẹ ó rí i."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Jẹ́ kó sinmi."

Ó gbé ẹ̀pà síwájú awakọ̀ náà. Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ́, ó ń ṣépè fún èrò inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń bẹ wọ́n, ó tún ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá ṣàlàyé fún àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí eré dé, irọ́ ló ń pa fún mítà tá a fi ń wọn iná rẹ̀. Agbára díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ á wà lókè téńté, á dà bí ẹni pé ó kún, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣófo. Nígbà tó sinmi tán, Bàbá fi mítà kàn án, ọwọ́ mítà náà wálẹ̀. Bátìrì náà ò kú. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ tó ń ṣájì rẹ̀ ló dẹ̀, tó ń yọ̀, tí kò jẹ́ kó yó. Bàbá fún bẹ́líìtì náà le, ó sì fi bátìrì sórí ṣájì. Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí oúnjẹ dìde, má bi í bóyá ebi ń pa á."

Kò sì gbà pé kéèyàn fi mítà ka bátìrì lásán kó wá sọ pé ó dára. Á ní kí oní-mọ́tò fúnra rẹ̀ jókòó sídìí ọkọ̀, kó tan iná iwájú méjèèjì, kó wá yí kọ́kọ́rọ́. Òun á tẹ ojú mọ́ mítà. Bátìrì tó ń fọ́nnu pé iná òun tó fóòtì méjìlá àti ààbọ̀ nígbà tí kò sí iṣẹ́ níwájú rẹ̀, tí iṣẹ́ bá dé, a máa já wálẹ̀ bí àgbọn.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Mo ti bímọ kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, èyí tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ fún àgbàlagbà. Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ kéré sí mi, Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Mo sọ fún Bàbá níjọ́ kan pé mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, pé àwọn yòókù ń dáhùn kí tíṣà tó bèèrè tán. Ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ha orí bátìrì kan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Dúró di ọjọ́ ìdánwò, Àlàó. Kò sí ẹni tí kò lágbára lórí ìjókòó."

Mo yege. Kò kí mi kú oríire. Ó gbé bátìrì tuntun kan wá, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ìyìn wọ́n lẹ́nu rẹ̀, "pẹ̀lẹ́" tún wọ́n jù ú lọ. Òun àti ìyá mi àgbà máa ń jà nítorí aṣọ. Omi inú bátìrì ti dá ihò sí gbogbo aṣọ rẹ̀, títí dé èyí tó ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ké sí àwọn ará ilé: "Ẹ wá wo ọkọ mi o! Ẹ wá wo ajere tó ń lọ kírun!"

Bàbá á ní, "Afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ìwọ ni ooru ń mú."

Ìyá á bínú, á wọlé. Bàbá kò ní tẹ̀lé e láti bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, á ti tún rédíò rẹ̀ ṣe, tàbí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tàbí ohunkóhun tó rí pé ó bàjẹ́ nínú yàrá rẹ̀. Ìyá á lẹ àwọn ihò aṣọ náà. Kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí Ìyá kú, ó dáwọ́ dúró láti wọ aṣọ tuntun. Mo rà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o fún Ráfíù. Aṣọ tí Ìyá lẹ̀ ló ń wọ̀ títí, àwọn tí àlẹ̀mọ́ ara wọn ti pọ̀ ju aṣọ lọ.

Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Mi ò tíì lò ó tán."

Ìjà rẹ̀ tó gùn jù lọ ni èyí tó bá àbúrò rẹ̀ jà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Iléṣà ni ìyá wọn ti wá, àbúrò náà sì padà síbẹ̀, ó ń sin Ògún, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó pákó. Bàbá Iléṣà là ń pè é. Bàbá ló bá a wá bátìrì tó wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tó ṣe, iná iwájú ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ọkọ̀ ò sì ṣí láàárọ̀ àyàfi tí wọ́n bá tì í. Bàbá Iléṣà ń sọ káàkiri pé bátìrì tó ti rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dé Òṣogbo. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Níbi ìsìnkú ìbátan wa kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nítorí kò sí àga mìíràn.

Bàbá Iléṣà kọjú sí èmi. Ó ní, "Bá mi bi bàbá rẹ bóyá àwọn Mùsùlùmí Òṣogbo ń ta òkú bátìrì fún ọmọ ìyá wọn."

Bàbá náà kọjú sí mi. "Sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe bátìrì. Òṣómàáló Iléṣà tó ń tì í kiri ni kò jẹ́ kó sinmi."

Mo ti di géńdé nígbà náà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Bàbá ní kí n bá òun lọ sí Iléṣà. Kò sọ ohun tó ń lọ ṣe, àmọ́ ó gbé mítà lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, ó ká apá lé àyà. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ, wọ́n fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Bàbá ní kí wọ́n tan iná iwájú. Ó fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí bátìrì náà, pupa àti dúdú. Méjìlá. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí pupa, ó gbé èkejì kúrò lórí dúdú, ó fi í kan ara irin ọkọ̀. Mẹ́sàn-án. Bátìrì ń fúnni, ara ọkọ̀ ò rí i gbà. Ẹ́ẹ̀tì ni.

Ó tẹ̀ lé wáyà dúdú náà dé ibi tí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ irin. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ibi tí irin ti pàdé irin yẹn gan-an ni Bàbá Iléṣà ń da epo pupa sí lọ́dọọdún nígbà ọdún Ògún. Epo náà ti dúdú, ó ti dì mọ́ eruku, ìyẹ́ àkùkọ lẹ̀ mọ́ ọn, ìpẹtà sì ti wọ àárín wáyà àti irin. Àkísà àti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu Bàbá.

Bàbá Iléṣà ní, "Kí lẹ rí, Ẹ̀gbọ́n?"

Bàbá nàró. Ó ní, "Wáyà rẹ kéré. Èmi ni mi ò fún ọ ní wáyà tó nípọn tó."

Ó mú wáyà mìíràn, ó so ó mọ́ orí bátìrì, ó gbé e gba ọ̀nà mìíràn lọ sára ẹ́ńjìnnì. Kò fọwọ́ kan bóòtù elépo náà. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà dáhùn. Bàbá Iléṣà ní ká wọlé, ó ní iyán ti ń bọ̀. A jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì bú ara wọn dáadáa.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní, "Bàbá, epo yẹn ló kúkú fà á. Kí ló dé tẹ́ ò nù ún, tẹ́ ẹ tún di ẹ̀bi ru ara yín?"

Ó ní, "Mo rí epo. Àdúrà ọmọ ìyá mi ni. Ṣé èmi ni màá wá fi àkísà nu àdúrà ẹlòmíràn?"

Ọmọ Iléṣà ni Fọlákẹ́, ìyàwó mi. Nítorí ìyẹn, "Ọmọ ilé ìyá mi" ni Bàbá ń pè é. Ó ní mọ́tò kékeré kan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fi gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bàbá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á sì gbọ́ ìró mọ́tò náà kó tó yọ sí kọ̀rọ̀. Á ní, "Ọmọ ilé ìyá mi ti dé. Ẹ gbé omi wá."

Àìsàn Fọlákẹ́ kò pẹ́. Ọjọ́ tó kú, àwọn nọ́ọ̀sì di ẹrù rẹ̀ sínú àpò rẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. Mo gbé e sínú búùtù mọ́tò rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ti búùtù náà. Ó há, àmọ́ kò dé dáadáa, okùn àpò náà yọ síta. Mo rí i nígbà tí mo délé. Ọkàn mi ò jẹ́ kí n lè ṣí i padà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn wá kí mi. Wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ. Bàbá wá, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú wọlé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níkẹyìn ó ní, "Mọ́tò rẹ̀ ńkọ́?"

Mo bínú.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo fẹ́ máa ṣí ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n kàn gbọ́ ìró rẹ̀. Kò ṣí. Wọ́n ṣájì bátìrì, ó rẹ̀. Wọ́n tún un ṣájì, ó tún rẹ̀. Rewáyà àdúgbò wa ní bátìrì ti kú. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní, "Iná kì í sọnù. Nǹkan kan ń mu ún." Ó ní kí Ráfíù gbé òun wá.

Ó jókòó lórí àpótí níwájú mọ́tò náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, Ráfíù ló ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Bàbá ní kó tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, kó fi gílóòbù kékeré sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lára mọ́tò, rédíò ò sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì. Kò yẹ kí gílóòbù náà tàn. Ó tàn.

Bàbá ní, "Yọ fíùsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ráfíù ń yọ ọ́, ó ń dá a padà. Gílóòbù ò kú. Ó tún yọ òmíràn. Gílóòbù kú.

Ráfíù ka ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí àpótí fíùsì. "Rédíò ni, àti iná búùtù. Bàbá, iná búùtù ni! Ẹ wò ó, okùn àpò ló há sẹ́nu rẹ̀, kò jẹ́ kó dé, iná inú rẹ̀ ò sì kú." Ó ti ń lọ sẹ́yìn mọ́tò. "Ẹ jẹ́ n ṣí i kí n tún un tì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

Mo ní, "Rárá." Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Bàbá yí ojú sí ibi tí mo wà. Ó bi mí pé, "Àpò ta ni?"

Ó ti mọ̀.

Ó ní, "Ráfíù, fi ọwọ́ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ wò ó, mo kàn fẹ́..."

"Mo ní fi ọwọ́ sílẹ̀. Má dá fíùsì yẹn padà."

Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ó ní, "Mo ti pa iná náà, bátìrì rẹ ò ní rẹ̀ mọ́. Ẹrù tó wà níbẹ̀, ìwọ lo ni ín. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ṣí i, fíùsì ń bẹ." Ó nawọ́ sí bátìrì náà. "Bátìrì yìí ò ṣe nǹkan kan, Àlàó. Ó ń tan iná sí ẹrù ìyàwó wa ni."

Láti ọjọ́ náà, mọ́tò náà ń ṣí. Rédíò ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, mi ò sì nílò rédíò. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí Bàbá, á bi mí pé, "Ó ń ṣiṣẹ́?" Màá ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá." Á dúró díẹ̀, á máa wò mí. Tí mi ò bá sọ nǹkan mìíràn, á gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Kò tì mí rí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó bi mí bákan náà, ó sì dúró, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí a ń kúrò ní ibojì, mo pe Ráfíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Fíùsì tí Bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ níjọ́ yẹn, ṣé o mọ ibi tí wọ́n fi sí?"

Ráfíù ní, "Fíùsì wo? Bàbá ò gba fíùsì kankan lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ẹ ti wọlé, wọ́n ní kí n fi í sẹ́yìn ìdérí àpótí rẹ̀, níbi tí wọ́n ń fi fíùsì àpọ́jù sí. Inú mọ́tò yín ló wà."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹ ó rí i tí ọjọ́ bá pé."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Mo kírun Asúbàá, mo dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ìdérí àpótí fíùsì, mo yí i padà. Ó wà níbẹ̀. Mo fi í sí àyè rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn àpò náà. Mo ṣí búùtù.

Iná náà wà lórí ẹrù rẹ̀. Apá okùn tó wà níta ti ṣá, èyí tó wà nínú ṣì jẹ́ búlúù gẹ́gẹ́ bó ṣe rà á. Aṣọ ìró rẹ̀ wà níbẹ̀, sílípáàsì rẹ̀, ife ìmumi, àti ìyarun. Irun rẹ̀ ṣì wà láàárín eyín ìyarun náà.

Mo kó wọn jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti búùtù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo etí rẹ̀ yípo. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Mo fọ ife. Mo fọ ìró náà, mo sá a sórí okùn. Mo nu sílípáàsì. Mo wọ mọ́tò náà, mo gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ bá àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn.

Ìyarun náà ni mi ò fọ̀.